Bí Àdúgbò Wa Ṣe Di Ìdí Ilẹ̀kùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àdúgbò tí à ń gbé kò lórúkọ kankan tí ènìyàn lè fi yangàn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Kútọnu yóò rántí ìgbà náà, nígbà tí ìlú ń fẹ̀ bọ́ sínú àbàtà, tí ènìyàn á ra ilẹ̀ lónìí, tí yóò sì máa bá ọ̀pọ̀lọ́ du ilẹ̀ náà fún ọdún márùn-ún.

Kí a tó kó lọ síbẹ̀, yàrá méjì ni a háyà ní Gbégamey, lẹ́yìn ọjà. Bí mo bá di ojú, mo lè fi imú mọ ibi tí mo dé níbẹ̀: òórùn ẹja yíyan lẹ́nu ọ̀nà ọjà, òórùn epo lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún alùpùpù ṣe, òórùn búrẹ́dì gbígbóná níbi tí a ti ń yà sílé wa. Bàbá mi, ọmọ Kétu, olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí. Mẹ́tìrì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, kódà àwọn tí kò kọ́ rí. Màmá mi ń ránṣọ. Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń mú mi sùn, òun náà ló sì ń jí mi. Àfi bí bàbá mi ṣe wọlé ní ọjọ́ kan tó ní òun ti ra ilẹ̀, pé a kò ní í sanwó ilé mọ́. Màmá mi jó yí ilé ká. Èmi ò jó ní tèmi, nítorí mo ti bi bàbá mi pé ṣé a máa gbé ọjà dání, ó ní rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí lọ́jọ́ tí a kó dé ibẹ̀. Iyanrìn, koríko àti omi ni mo rí. Àwọn awọnlẹ̀ ti ri òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké mọ́lẹ̀ káàkiri, wọ́n sì ti fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí à ń pè ní nọ́ńbà kàré. Nọ́ńbà yìí ni bàbá mi kọ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí Kétu. Èsì tí ìyá bàbá mi ní kí wọ́n bá òun kọ padà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Kí ni ọmọ mi ṣe tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà pè é? Ṣé kò sí nínú ẹ̀wọ̀n?”

Ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ púpọ̀. Kí omi má baà wọlé, àwọn ènìyàn á ní kí wọ́n wá da pàǹtí sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì da iyanrìn lé e lórí. Fún àgbà, ìyà ni. Fún àwa ọmọdé, ìṣúra ni. A máa ń wú u bí adìyẹ: apá bèbí kan, ooyà aléyín mẹ́ta, ìdérí ìkòkò, bọ́tìnnì oríṣiríṣi tí màmá mi yóò fọ̀, tí yóò sì rán mọ́ aṣọ oníbàárà láìsọ ibi tó ti wá. Mo rí ṣíbí dídára kan lọ́jọ́ kan. Màmá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wò ó títí, ó sì sọ ọ́ nù.

Ní àárọ̀, èmi ni mo ń gbá iwájú ilé. Ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ fa ìlà gbọọrọ sára iyanrìn, bí ìlà bá wọ́, mo máa tún un gbá ni. Lẹ́yìn náà, mo máa lọ pọn omi ní òdìkejì títì ọlọ́dà. Bí mo bá fi máa dé, ìdajì garawa ti wà lára aṣọ mi. Màmá mi á bi mí pé, “Omi tí o pọn dà? Mo ti rí èyí tí o fi wẹ̀.” Ní ọ̀sán, gàrí tútù àti kúlíkúlí ni. Lọ́jọ́ ìsinmi, a máa ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀ nínú ìkòkò kan, àtàsì, pẹ̀lú ata díndín tó máa ń mú kí imú gbogbo wa máa ṣomi. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ títí àwo á fi mọ́.

Aládùúgbò wa àkọ́kọ́ ni Tántì Afi. Opó ni, Fọ̀n sì ni. Àkàrà ló ń dín, èyí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè ní àtà. Kò gbọ́ Nàgó, èdè tiwa, màmá mi kò sì tíì gbọ́ Fọ̀n dáadáa nígbà yẹn. Ní òwúrọ̀, Tántì Afi á ké láti àgbàlá rẹ̀ pé, “A fọ́n gàǹjí à?” Màmá mi á dáhùn pé, “A jí o, ìyá, a dúpẹ́.” Lẹ́yìn ìyẹn, oníkálukú á máa sọ èdè tirẹ̀, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín ní ibi tó yẹ. N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Aládùúgbò kejì ni Bàbá Ánsẹ́lì. Àgùdà ni, ìran àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá sí Àjàṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí òkèèrè. Ilé rẹ̀ kò tíì rí ọ̀dà, páànù orí rẹ̀ ń pariwo bí atẹ́gùn bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀kùn! Nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ ta ilé ìyá rẹ̀ àgbà ní Àjàṣẹ́, ilẹ̀kùn yẹn nìkan ni ó ní òun fẹ́ nínú ogún. Igi líle ni, ó dúdú, ó ń dán, wọ́n gbẹ́ ẹyẹ méjì sí i lára tí wọ́n kọjú síra wọn. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá Ánsẹ́lì á fi àkísà àti òróró nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwa tó kù, aṣọ tàbí páànù ni ilẹ̀kùn tiwa.

Mo fi ọwọ́ kan ẹyẹ náà lọ́jọ́ kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán ni, ìka mi márààrún sì hàn lára igi. Bàbá Ánsẹ́lì kò nà mí. Ó ní kí n kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn títí òun á fi mu kọfí òun tán, ó wá ń mu kọfí náà bí ẹni tí wọ́n ní kó mu òkun gbẹ. Nígbà tí mo délé tí mo fẹjọ́ sùn, màmá mi lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìgbátí méjì kún un fún mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ẹni tó bá lọ fẹjọ́ àgbà sùn, òun ló ń fẹ́ ìyà kejì.

Ilé-ẹ̀kọ́ mi ṣì wà ní Gbégamey. Bàbá mi ló ń gbé mi lọ sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀. Ní ọdún kejì tí a kó lọ, olùkọ́ tuntun kan ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde kó sọ ibi tí òun ń gbé. Ọ̀kan ní Ganhi, ní àárín gbùngbùn ìlú, gbogbo wa wò ó bí ọmọ ọba. Nígbà tó kàn mí, mo ní, “Gbégamey.” Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì ní ọ̀dọ̀ wa fò dìde: “Irọ́ ni! Lẹ́yìn Ààtàn ló ń gbé!” Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu kíláàsì náà, mo lè gbọ́ ọ títí di òní. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìta ń pe ibẹ̀, nítorí pàǹtí tí a fi kún ilẹ̀. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. A kò pè é ní ohunkóhun. “Ilé” la máa ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi kí a tó jáde. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè, ó sì jókòó tì mí, ó ń ṣe àmì sí ìwé àwọn ọmọ. “Ẹni tó bá sẹ́ ilé rẹ̀,” ó wí, láìgbójú sókè, “níbo ni yóò sùn?” Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun alára. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ láti ilé dé ilé, ó ní kí gbogbo ènìyàn wá sípàdé, kí a fún àdúgbò wa lórúkọ.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe ìpàdé náà níwájú ilé wa, lẹ́yìn ìsìn. Màmá mi fi yìnyín sí omi ọsàn, kí ó lè tutù dáadáa, a rọ ọ́ sínú ife tí a yá lọ́dọ̀ Tántì Afi. Bàbá mi dìde, ó ní òun dábàá “Kétu Tuntun.” Bíríkìlà kan tó jẹ́ ọmọ Àgbómì ní kí ló dé tí kò fi ní í jẹ́ Àgbómì Tuntun, ṣebí òun ló mọ ìdajì ilé tó wà níbẹ̀. Bàbá Ánsẹ́lì ní orúkọ ẹni mímọ́ ni ó yẹ kí àdúgbò ọmọlúàbí máa jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ní ìkẹyìn Bàbá Ánsẹ́lì ní, “Mẹ́tìrì, Kétu wà ní ibi tó wà. Ta ló ní kí ó tẹ̀ lé yín wá?” Bàbá mi, tó jẹ́ pé sùúrù ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ní, “Ẹni mímọ́ wo sì ni ó máa gbà kí ẹ fi òun sọ ààtàn lórúkọ?”

Bàbá Ánsẹ́lì gbé àga tó gbé wá, ó fi sí abẹ́ apá, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò kí wa mọ́, bàbá mi náà kò kí i. Tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró yẹn, wọ́n á jọ máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ń retí òjò.

Òjò náà sì dé. Oṣù kẹfà ọdún yẹn, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìdá. Omi bo gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín ilé wa àti títì ọlọ́dà. Pákó tí a fi ń rìn lórí rẹ̀ ṣí lọ. Àwa ọmọdé ò mọ̀ pé ìyọnu ni. A ń fi agbada ṣe ọkọ̀ ojú omi, a ń kó ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ sínú ìgò, mo sì gbàgbọ́ pé bí mo bá tọ́jú wọn dáadáa, wọn á di ẹja. Oyún wà nínú màmá mi nígbà náà, ó ti wọ oṣù rẹ̀. Ìdánwò ìparí ọdún ló gbé bàbá mi jáde láàárọ̀. Kí ó tó lọ, ó ní kí n má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi.

Nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Mo yíjú. Màmá mi di etí tábìlì mú. “Àbẹ̀kẹ́,” ó wí, ohùn rẹ̀ rọra, “ó ti dé o. Sáré lọ sí títì, kí o wá ọkọ̀ wá. Kọ́kọ́ sọ fún Tántì Afi. Má ṣubú.”

Mo ké sí Tántì Afi, mo sì bọ́ sómi. Ní ibi tó jìn jù, ó dé mi ní àyà. Nígbà tí mo dé títì, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní sẹ́mìjáàn ń kọjá nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè wọn. Mo na ọwọ́. Àgbàlagbà kan dúró. Ojú rẹ̀ tutù.

“Níbo?”

“Màmá mi ń rọbí.”

“Ọlọ́run á yọ ọ́. Níbo ni?”

Mo sọ nọ́ńbà kàré wa. Ó mi orí. “Ọmọ mi, n kò mọ nọ́ńbà. Kí ni wọ́n ń pe ibẹ̀?”

Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kíláàsì yẹn tún dún ní etí mi, ẹnu mi kò là. Mo nawọ́ sí ẹ̀yìn mi, sí ibi omi. Ẹlòmíràn pè é láti iwájú, ẹni tó ní ẹrù, ó sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tí ẹnìkejì dúró, mo pariwo rẹ̀: “Lẹ́yìn Ààtàn! Lẹ́yìn Ààtàn ni!” Ó wo omi, ó wo alùpùpù rẹ̀. “Ṣé ẹja ni mí?” ó wí, ó sì lọ. Takisí kan kò tilẹ̀ dúró rárá. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì, mo ń sunkún. Mo rò pé màmá mi yóò kú, pé èmi ni mo pa á, nítorí pé mo ń tijú. Bóyá àgbàlagbà àkọ́kọ́ yẹn ì bá ti tẹ̀ lé mi. N kò mọ̀, n kò sì ní í mọ̀ láéláé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lẹ́yìn mi, Tántì Afi ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà, ó sọ ọ́ tó ìgbà ogún. Ó ní òun gbìyànjú láti pọn màmá mi, kò ṣeé ṣe. Bíríkìlà ọmọ Àgbómì àti àwọn ọkùnrin méjì sáré dé, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹní gbé e, ẹní ya. Wọ́n ń wá pákó, kò sí pákó. Bàbá Ánsẹ́lì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Oṣù mẹ́rin ni kò ti bá ilé wa sọ̀rọ̀. Ó wọlé. Tántì Afi ní òun ṣépè fún un nínú ọkàn òun. Ó tún jáde, ó mú òòlù àti irin dání, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bíríkìlà yẹn ní, “Bàbá, ilẹ̀kùn yìí kẹ̀?”

Bàbá Ánsẹ́lì dá a lóhùn pé, “Ọmọ méje ni ìyá mi àgbà bí lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ nípa ọmọ bíbí jù ọ́ lọ. Gbé e ní ọ̀hún.”

Bí mo ṣe gbójú sókè nìyẹn tí mo rí wọn. Ọkùnrin mẹ́rin ń bọ̀ nínú omi, ilẹ̀kùn dúdú wà léjìká wọn, màmá mi sì wà lórí rẹ̀, ó dì í mú ní apá méjèèjì. Bàbá Ánsẹ́lì wà níwájú, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, bí ẹni pé ìyẹn wúlò, nítorí omi ti dé ìgbànú rẹ̀. Tántì Afi ń tẹ̀ lé wọn, ó na agboòrùn lé màmá mi lórí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní Fọ̀n, màmá mi ń dáhùn ní Nàgó.

Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá títì, lábẹ́ igi kan. Ọmọ náà kò dúró kí a wá ọkọ̀. Àwọn obìnrin tí ń kọjá lọ tú ìró wọn, wọ́n fi ṣe ògiri yí màmá mi ká. Àwọn ọkùnrin kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Èmi di ọwọ́ Bàbá Ánsẹ́lì mú, n kò mọ ìgbà tí mo dì í mú. Mo gbọ́ igbe màmá mi. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan. N kò tíì gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tó gùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Tántì Afi ń gbá nǹkan kan pàpà pàpà. Bàbá Ánsẹ́lì ń gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Ìgbà náà ni ẹkún kékeré kan bú jáde, ó rinlẹ̀, ó ń bínú, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Bàbá Ánsẹ́lì ṣí fìlà. Àwọn obìnrin náà ń jó láìsí ìró nídìí, tòbí nìkan ló kù sí wọn lára. Takisí kan tó ń kọjá rí èrò, òun fúnra rẹ̀ ló dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé màmá mi àti ọmọ wọlé, Tántì Afi wọlé tì wọ́n, wọ́n ń lọ sílé ìgbẹ̀bí. Awakọ̀ yọrí síta: “Bí wọ́n bá ṣe tán, níbo ni kí n gbé wọn padà sí?”

Bàbá Ánsẹ́lì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ibí yìí,” ó wí. “Ìdí ilẹ̀kùn.”

Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá èmi àti Bàbá Ánsẹ́lì tí a jókòó lórí ilẹ̀kùn lẹ́bàá títì, a ń jẹ kúlíkúlí. Èmi ni mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń kọ́ni. “Dìde, Mẹ́tìrì,” Bàbá Ánsẹ́lì wí. “Ìyàwó rẹ ló máa fọ aṣọ yẹn, kò sì tíì lókun.” Ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Abíọ́nà ni a sọ àbúrò mi. Nígbà ìrìbọmi, a fi Ánsẹ́lì kún un, Bàbá Ánsẹ́lì ló sì gbé e dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn náà kò padà sílé mọ́. Nígbà tí omi gbẹ, igi rẹ̀ ti wú, ó ti tẹ̀, kò wọ ẹnu ọ̀nà mọ́. Bàbá mi ní òun yóò wá káfíńtà, Bàbá Ánsẹ́lì kọ̀. Ó ní kí bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, kí wọ́n gbé e lé e, kí ènìyàn lè máa rí ibi jókòó dúró de ọkọ̀. Aṣọ títa ni òun fi ṣe ilẹ̀kùn fún odidi ọdún kan, bíi tiwa.

Tántì Afi gbé agbada rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹni tó bá ra àkàrà á jókòó síbẹ̀ jẹ ẹ́. Awakọ̀ takisí yẹn sọ ìtàn náà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà gbọ́ ọ, àwọn Fọ̀n ń sọ ọ́ ní èdè tiwọn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ènìyàn fi lè dúró ní Ganhi kó ní “Ìdí Ilẹ̀kùn,” kí ọlọ́kadà sì dáhùn pé, “Gùn ún.” A kò ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́. Kò sẹ́ni tó rántí. Nígbà tí a wọlé fún ọdún tuntun ní ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n tún bi wá léèrè, mo ní, “Ìdí Ilẹ̀kùn ni mò ń gbé.” Ọmọ kan ní, “Ilẹ̀kùn wo?” Ó gbà mí ní gbogbo àkókò ìsinmi láti dá a lóhùn.

Ó ti pẹ́. Bàbá Ánsẹ́lì ti lọ, Tántì Afi náà ti lọ. Ikán àti òjò ti jẹ ilẹ̀kùn náà tán. Wọ́n ti to òkúta sí ojú ọ̀nà, ilé alájà mẹ́ta mẹ́ta ló wà ní ibi tí mo ti ń kó ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tí mo lọ kí màmá mi ní ọdún tó kọjá, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ṣàlàyé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀kùn irin kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ó pe orúkọ náà dáadáa.

Èmi àti ọkọ mi ti ra ilé ní ọ̀nà Abomey-Calavi, nínú àgọ́ ilé tuntun kan. Ní tòdodo, ibẹ̀ dára. Omi kì í wọlé, iná ń tàn lójú ọ̀nà, kò sí pàǹtí lábẹ́ iyanrìn. Ó ti lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó sùn síbẹ̀ rárá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà ní Faransé sórí géètì àbáwọlé. Ilé gbogbo jọra, ògiri gbogbo ga. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ibẹ̀ tí n kò mọ orúkọ obìnrin tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín èmi àti òun. Ìró ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, àti pé ó fẹ́ràn orin ìyìn ní àárọ̀ Sátidé. Àwọn ọmọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń wú ilẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣeré, wọn kì í sì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn dára fún orúnkún wọn, n kò ráhùn.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀rùn tó kọjá, omi ẹ̀rọ dá ní gbogbo àgọ́ ilé wa fún ọjọ́ mẹ́fà. Bàbá arúgbó kan ní ìpẹ̀kun òpópónà wa, tí ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ti fi dandan lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga sí àgbàlá, wọ́n sì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ó ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo wa jáde, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò, oníkálukú gbé garawa dání bí ẹni tí ojú ń tì. Obìnrin kan tó wà níwájú mi yíjú padà. Ó ní òun mọ ohùn mi, pé èmi ni mo máa ń pe “Ṣadé” láràárọ̀. Òun ni ará ẹ̀gbẹ́ ògiri mi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí wa lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti ń sáré nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn wa, kò sẹ́ni tó bá wọn wí.

Omi ẹ̀rọ ti dé padà láti ìgbà náà. Bàbá arúgbó náà kò ti géètì rẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń se ìrẹsì nígbà tí Ṣadé, ọmọ mi obìnrin, sáré kọjá lẹ́yìn mi pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

“Níbo lò ń lọ?”

“Kànga,” ó wí, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Mo ní kó padà wálé kí oúnjẹ tó tutù.